Níbo ni kí ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan láti agbègbè Òkè-Ògùn fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àwa mẹ́tàlélógún tí a jọ jáde ní ilé-ìwé girama kan náà ní 1998 ni a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan wà ní Ìbàdàn àti Èkó, mẹ́rin wà ní London, àwọn yòókù wà nílé. A ń dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lóṣooṣù láti fi ran àwọn ọmọ ìlú wa lọ́wọ́ nípa ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò tíì kò. Àwọn kan ní kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn kan ní kí a ra báàgì àti ìwé fún gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà ní London sì fẹ́ kó ìwé àlòkù ránṣẹ́. Èwo ni kí a ṣe, báwo ni a ó sì ṣe é tí kò fi ní rí bí èyí tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí?”

Akọ̀wé, ẹ kú aáyan, ẹ sì bá mi kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dì mú, nítorí òun ni ó gbé gbogbo ìyókù dání. Mo ti ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo ti ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti bá oríṣiríṣi ẹgbẹ́ jókòó láti ìgbà náà wá. Èyí tí mo rí jù lọ ni ẹgbẹ́ tó fi owó bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ kí ó ti fi ojú bẹ̀rẹ̀: wọ́n dá owó jọ, wọ́n wá ohun tí wọn yóò fi rà, wọ́n rà á, wọ́n pín in, ó parí. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé kíkà fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi apá kan owó yín ṣí ọ̀nà ìdánwò fún àwọn tó ń jáde ní girama, kí ẹ sì fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yunifásítì sẹ́yìn títí ẹ ó fi ní owó tí yóò gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo láti ọdún kìíní dé ọdún tí yóò gba oyè. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Àwọn tó dá ẹgbẹ́ ìlú sílẹ̀ ṣáájú wa kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ṣeré. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíbí Ọ̀fà sì dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní London ní 1945, tí wọ́n sì wá ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948, ríran ọmọ Yorùbá lọ sí girama àti yunifásítì nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lára ète tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ní ìgbà tiwọn ni pé ilé-ìwé kò tó, ọmọ tó gbọ́n tí òbí rẹ̀ kò lówó yóò sì padà sí oko lẹ́yìn ìwé mẹ́fà. Ìgbà ti yí padà. Láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, òfin ọdún 2004 sì sọ ọ́ di ọ̀ranyàn ní gbogbo Nàìjíríà pé kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé títí dé òpin ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama láìsanwó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yín ló ń wọ aṣọ ilé-ìwé jáde láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ihò wà ti ṣípò: ó ti kúrò ní ẹnu-ọ̀nà ilé-ìwé, ó ti wọ inú kíláàsì lọ.

Ní ilé-ìwé kan tí mo bẹ̀ wò, mo pe ọmọbìnrin kan ní kíláàsì karùn-ún kí ó kàwé fún mi. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé náà mú, ó ka ojú-ìwé kan tán láìkọsẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete. Mo yìn ín. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọwọ́ bo àwòrán tó wà lókè ojú-ìwé náà, mo fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín, “bàtà” ni, mo ní kí ó pè é. Ó wo ẹnu mi. Ó wo olùkọ́ rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú-ìwé náà láti orí wá lábẹ́ ahọ́n, ó ń fi ìka tẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ibi tí ó rò pé ìka mi wà, ó sì wí pé, “Bàbá.” Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí láti ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó lè há odindi ojú-ìwé sórí kì í ṣe olódo. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju ti ọmọ tó mọ̀wé lọ, kí ojú má baà tì í. Ohun tí kò rí láti ọdún márùn-ún ni ẹni kan tí yóò jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú, tí yóò mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, tí yóò sì padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Olùkọ́ tó ní ọgọ́ta ọmọ níwájú kò lè ṣe é. Ìjọba kò lè rán an wá láti Abuja. Ẹgbẹ́ bíi tiyín ló lè ṣe é, nítorí pé ẹ mọ ọmọ náà, ẹ mọ ìyá rẹ̀, ẹ sì mọ ilé tí ó ń gbé.

Nítorí náà, ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò. Ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ ṣàlàyé fún un pé ẹ kò wá láti wá àléébù olùkọ́ kankan, ẹ sì gba àyè láti bá àwọn ọmọ kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún sọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìwé pélébé kan ti tó. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá sí i, ẹ kọ sílébù mẹ́wàá tẹ̀ lé e, bíi “ba”, “gbo”, “ṣẹ”, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ẹ kọ gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta, kí ẹ sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn onílà mẹ́fà tí ọmọ náà kò rí rí. Ibi tí ọmọ bá dúró ni ẹ ó kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ fún ọmọ kan. Ìtàn tí ọmọ kò rí rí yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé tí ẹ bá lo ìwé tí wọ́n ń kà nílé-ìwé, orí wọn ni wọn yóò máa kà fún yín, bí ọmọbìnrin yẹn ti ṣe fún mi.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí oníkálukú dúró, ẹ má wo kíláàsì tí wọ́n wà. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tí kò mọ lẹ́tà yóò jókòó pẹ̀lú ọmọ kíláàsì kẹta tí kò mọ lẹ́tà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀ tí ẹ kò bá fi ẹnu yín dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Pratham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Mumbai ní Íńdíà ní àárín àwọn ọdún 1990, ni ó sọ irú ìpínsọ́wọ̀ọ́ yìí di mímọ̀ káàkiri ayé, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí wọn kì í ṣe olùkọ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń lò. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo iṣẹ́ wọn ní àwọn abúlé kan ní àríwá Íńdíà, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó wá sí kíláàsì ìwé kíkà náà mọ ìwé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kà kò yọjú rárá, nítorí pé ìta ilé-ìwé ni kíláàsì náà wà, lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá gbé wákàtí ìwé kíkà yìí wọ inú àkókò ilé-ìwé gan-an, ó kan àwọn tí ó yẹ kó kàn. Nítorí náà, ọmọ tí ẹ ń wá kọ́ ni ọmọ tí yóò lọ sí oko tàbí tí yóò kiri ọjà tí agogo ilé-ìwé bá ti lù tán. Tí ẹ bá dúró dè é ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọmọ olùkọ́ àti ọmọ aṣíwájú ni ẹ ó rí. Ẹ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kí ó fún yín ní wákàtí kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nínú àkókò ilé-ìwé.

Èdè wo ni kí ẹ fi kọ́ wọn? Yorùbá ni. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn rán ọmọ lọ kọ́, wọn kò sì burú, ohun tí ayé ń sanwó fún ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹ sọ fún wọn pé Yorùbá ni ọ̀nà tó yá jù dé ibẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá kò ju 25 lọ, ohùn tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń dún kì í sì yí padà bí ẹni tí kò ní ìwà. Ọmọ tó bá mọ “ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu” ti di kọ́kọ́rọ́ mú, nítorí pé bí ó bá fi “d” rọ́pò “b”, ìlà mìíràn ti ṣí fún un. Láàárín oṣù díẹ̀, yóò ka ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí, yóò sì gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí èdè tí ó ń sọ nílé ni. Ẹ wá wo Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí “cough”, “though” àti “through” ti jọ ní lẹ́tà mẹ́rin kan náà nídìí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dún lọ́tọ̀, tí ọmọ kò sì mọ ohun tí èyíkéyìí nínú wọn túmọ̀ sí. Iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni a gbé rù ú. Ní ti àmì ohùn, ẹ má fi dẹ́rù bà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi sílẹ̀ pátápátá. Ẹ kọ “ọkọ”, “ọkọ̀” àti “ọkọ́” sójú pátákó, kí ẹ ní kí wọ́n fi ẹnu hu wọ́n ní dò, re, mí. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì mọ̀ ọ́n.

Èyí kì í ṣe àbá tí mo gbé kalẹ̀ nítorí ìfẹ́ èdè nìkan. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen’s “A” ní Mọ́dákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò kù lẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tún ta wọ́n yọ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Tí òbí kan bá bá yín jiyàn, ìtàn yìí ni kí ẹ sọ fún un.

Ta ni yóò kọ́ wọn? Àwọn tó wà nílé lára yín, àwọn ọ̀dọ́ tó ti ṣe tán ní girama tí wọ́n ń dúró de yunifásítì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí ara rẹ̀ ṣì le. Ọmọ mẹ́wàá sí àgbà kan ni kó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ yìí ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, ẹ má retí kí ẹni tí kò níṣẹ́ máa fi ọkàn rere nìkan ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Kí ẹ tún ṣe òfin kan tí ẹ kò ní yí fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ tàbí pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù: àgbà kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, kò sì gbọ́dọ̀ pe ọmọ wá sí ilé rẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́. Gbangba ni kí gbogbo rẹ̀ ti máa ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ òfin yìí sílẹ̀, kí gbogbo olùyọ̀ǹda fọwọ́ sí i kí ó tó rí ọmọ kankan.

Àwọn ará London ń kọ́? Ìfẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má kó ìwé àlòkù wá. Mo ti ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí: ìwé nípa yìnyín àti nípa ẹja tí ọmọ wa kò rí rí, ìwé àdúgbò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí ayé ti kọjá rẹ̀. Owó tí wọ́n fi kó o wá láti èbúté dé ìlú tó láti tẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé kékeré. Ohun tí kò sí nílùú yín ni ìwé Yorùbá kéékèèké tí ọmọ lè dá kà. Ẹ wá àwọn ìyá àgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n pa àlọ́ fún yín, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀lùbọ́ tàbí bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òfì ní agbègbè yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú, kí àwọn ará London ka prúùfù rẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n sì san owó ìtẹ̀wé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí. Ojú-ìwé mẹ́jọ, lẹ́tà gbàǹgbà, orúkọ ìyá àgbà tó pa á lẹ́yìn ìwé. Ọmọ tó bá rí orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ lára ìwé yóò gbé e lọ sílé, yóò sì kà á fún un.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, èyí tí ẹ kò mẹ́nu bà rárá. Nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ti ṣe nípa mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ilẹ̀ wa, èyí tó wú mi lórí jù ni ti Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ ní àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwà ọmọlúàbí. Ní 1944, obìnrin ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ wọn ni wọ́n ń gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí: bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn láìsan iye tó tọ́, àti bí owó orí ṣe ń ni wọ́n lára. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà, ó di ti gbogbo obìnrin ìlú, ohun tó tẹ̀ lé e sì wà nínú ìtàn: àwọn obìnrin náà fi ẹ̀hónú hàn nítorí owó orí, títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ lọ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ẹ kò wá láti lé ọba lọ, mo mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé obìnrin ọjà ló bèèrè. Ẹ lọ sí ọjà yín, ẹ bi àwọn ìyá wọ̀nyẹn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n kà. Ní àsìkò yìí, púpọ̀ nínú wọn yóò sọ fún yín pé àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ni, nítorí pé oníbàárà a máa fi fóònù hàn wọ́n pé òun ti sanwó, wọn kò sì lè mọ̀ bóyá owó wọlé tàbí kò wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kọ́ wọn ní nọ́ńbà, kọ́ wọn ní orúkọ ara wọn, kọ́ wọn ní ohun tí a kọ sára ìgò oògùn ọmọ, ní alẹ́ lẹ́yìn ìrun ìṣáà tàbí ní ọjọ́ tí ọjà kò bá sí. Ìyá tó bá ń kàwé kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ pa ìwé kíkà jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣe tán ní girama kì í já nítorí pé wọn kò mọ̀wé. Wọ́n ń já nítorí pé owó fọ́ọ̀mù kò sí ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gbà á. Owó WAEC, ti NECO àti ti JAMB kéré gan-an sí owó ọdún kan ní yunifásítì, ṣùgbọ́n tí ọmọ bá pàdánù rẹ̀, odindi ọdún ti lọ, ọmọbìnrin tó bá sì jókòó sílé fún ọdún kan, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ fún un. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan máa ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé èyí tí wọ́n ti san àti èyí tó kù, kí ẹ má san ohun tí ẹlòmíràn ti san.

Iṣẹ́ mìíràn sì wà níbẹ̀ tí kò gba owó rárá. Láti 2021 ni JAMB kò ti gba orúkọ ẹnikẹ́ni tí kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Ọmọ kan wà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Rasheedat nílé-ìwé, tí ó jẹ́ Rashidat lára NIN, tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì fi ọdún méjì yàtọ̀ nínú ìwé ìbí. Òbí rẹ̀ kò rí ohun tó burú níbẹ̀, títí di ọjọ́ tí ìwé ìgbaniwọlé bá jáde tí wọn kò sì mọ̀ bóyá ẹni kan náà ni. Ẹ yan ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó mọ iṣẹ́ ọ́fíìsì, kí wọ́n máa lọ sí ilé-ìwé girama lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà ní kíláàsì kejì àgbà, kí wọ́n gbé gbogbo ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lẹ́tà fún lẹ́tà, kí wọ́n sì tẹ̀ lé àwọn òbí lọ tún èyí tí kò bára mu ṣe nígbà tí àkókò ṣì wà.

Ní ti yunifásítì, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ kan tí èmi fúnra mi wà nínú rẹ̀ ṣèlérí fún ọmọkùnrin kan pé a ó rán an títí yóò fi gba oyè. A san ti ọdún kìíní tìlù-tìfọn. Ní ọdún kejì, àwọn kan lára wa kò dáwó mọ́. Ní ọdún kẹta, ìdajì owó la fi ránṣẹ́, ó sì dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò. Ọmọ náà pàdánù ọdún kan. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ẹgbẹ́ ti gbé e, ó fi owó rẹ̀ rán ọmọ mìíràn. Ìlérí wa ti tì í kúrò lẹ́bàá ẹni tí ì bá mú ìlérí tirẹ̀ ṣẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ tó bá bi mí pé kí wọ́n má kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin kí gbogbo owó ọdún mẹ́rin náà, pẹ̀lú àlékún fún ọ̀wọ́ngógó, tó wà ní báńkì.

Kí owó yẹn tó pé, ọ̀nà kan wà. Ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó láti 2024 nípasẹ̀ àjọ NELFUND. Wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní owó ìgbọ́bùkátà lóṣooṣù. Ẹ sọ òtítọ́ fún ọmọ náà pé gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èlé lórí rẹ̀, àti pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà nígbà tó bá ti sin ìlú tán tó sì ti ríṣẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un, ọmọ tó ti abúlé wá tí kò ní fóònù tó dára a sì máa ṣì í ṣe. Kí ọmọ ẹgbẹ́ yín kan jókòó tì í kí ó fi kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, owó kékeré tí ẹ ní lè gba àwọn ibi tí gbèsè yẹn kò dé: owó ọkọ̀ àkọ́kọ́, ìwé, ibùsùn.

Nígbà tí ẹ bá wá ń yan ẹni tí ẹ ó ràn lọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ bí ẹ ṣe ń yàn. Ẹ kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lójú ọjà ní oṣù méjì ṣáájú. Ènìyàn mẹ́ta ni kí ó yàn, kí ẹni kan ó kéré tán má jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́; bí ọmọ tàbí ìbátan ẹni kan nínú wọn bá wà lára àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù, kí onítọ̀hún dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ má fi máàkì nìkan wọn wọ́n, nítorí pé ọmọ tó gba máàkì tó pọ̀ jù lè jẹ́ ọmọ tó ní olùkọ́ nílé. Ẹ lọ wo ibi tí ọmọ ń gbé. Ilé-ìwé ni kí ẹ san owó fún, kí ẹ sì gba risíìtì, ẹ má kó o lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ènìyàn mẹ́tàlélógún tí ń dá 5,000 lóṣooṣù yóò mú 1,380,000 náírà wá lọ́dún, lórí ìwé. Mo ti ṣe akápò rí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń dáwó déédéé. Ẹ fi owó ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣètò, èyí tíí ṣe 900,000. Ẹ fi nǹkan bíi 350,000 ṣe ìwé kíkà: owó ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ṣọ́ọ̀kì, pátákó kéékèèké, ìtẹ̀wé. Ẹ fi 350,000 ṣe owó ìdánwò. Ẹ má fọwọ́ kan 200,000 yòókù àti ohun tí àwọn mẹ́jọ tó kù bá mú wá. Ìpìlẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yín ọjọ́ iwájú ni. Ènìyàn mẹ́ta ni kí ó máa fọwọ́ sí owó kí ó tó jáde ní báńkì, kí ẹ sì máa ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ sókè ní ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní báyìí. Tí iṣẹ́ bá ti ń gbòòrò, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2020 ṣe là á kalẹ̀ fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Báàgì ńkọ́? Tí ọmọ kan bá wà tí kò wá sí ilé-ìwé nítorí pé kò ní bàtà tàbí ìwé, ẹ rà á fún un ní ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ to igba ọmọ jọ sínú oòrùn, kí ẹ gbé báàgì tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀ fún wọn níwájú kámẹ́rà, mi ò lè bá yín fọwọ́ sí i. Ọmọ tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ bí ó ti ń tọwọ́ gba nǹkan yóò dàgbà, àwòrán náà yóò sì wà níbẹ̀.

Ẹ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀ wà ní ìparí oṣù. Kí ó tó dé, kí ẹni mẹ́ta tó wà nílé lọ ṣe àyẹ̀wò fún ogójì ọmọ péré ní ilé-ìwé tó sún mọ́ yín jù, bí mo ṣe ṣàlàyé lókè. Òwúrọ̀ kan ni yóò gbà. Kí wọ́n kọ iye ọmọ tó dúró lórí lẹ́tà, iye tó dúró lórí sílébù, iye tó dúró lórí ọ̀rọ̀, iye tó dúró lórí gbólóhùn àti iye tó ka ìtàn náà dé òpin sórí ìwé kan, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará London, kí alága sì ka iye márààrún náà sókè ní ìpàdé kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó.